Ẹrẹ̀ Ojú Ọ̀nà Mirador

Ní ọjọ́ kejì ìrìn náà, kí oòrùn tó kan àtàrí, bàtà ẹnì kan á há sínú ẹrẹ̀. Kì í yẹ̀. Ìbáà ṣe ọ̀dọ́, ìbáà ṣe àgbà, ìbáà ṣe ẹni tó ra bàtà olówó gọbọi ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ẹni tó yá bàtà rọ́bà lọ́wọ́ ará abúlé, ẹrẹ̀ kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ẹni náà á fa ẹsẹ̀ yọ, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni yóò tẹ̀lé e jáde. Àwọn tó kù á dúró, wọ́n á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á sì bá a fa bàtà náà bí ìgbà tí èèyàn ń wa iṣu tó ta sábẹ́ òkúta. Amọ̀nà tó ṣíwájú kò ní bojú wẹ̀yìn. Ó ti rí irú rẹ̀ rí. Ìbaaka tó ru omi àti oúnjẹ ti rí i ju amọ̀nà lọ.

Inú igbó Petén, ní àríwá orílẹ̀-èdè Guatemala, ni ọ̀nà náà wà. El Mirador ni wọ́n ń lọ, ìlú ńlá àwọn Máyà kan tí àwọn tó kọ́ ọ ti fi sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 150 lẹ́yìn ìbí Krístì, tí kò sì jìnnà sí ẹnubodè Mẹ́síkò. Kò sí ọ̀dà, kò sí ọkọ̀, kò sí ilé ìtura. Ẹni tó bá lówó lè wọ hẹlikópítà láti Flores, kó débẹ̀ kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú rẹ̀, kó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Àwọn yòókù á fẹsẹ̀ rìn ín: ó lé ní 40 kìlómítà ní àlọ, iye kan náà ní àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún gbáko.

Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mímú èrò rin ọ̀nà yìí mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú èrò méjèèjì. Ẹni tó gba ojú òfuurufú lọ rí pírámíìdì. Ẹni tó gba ilẹ̀ lọ rí ìlú. Inú ẹrẹ̀ tí gbogbo wọn ń ṣépè fún lójú ọ̀nà yẹn ni ìtàn ìlú náà wà, bó ṣe jẹun yó, àti bí ebi ṣe lé e kúrò nílẹ̀.

Láti ìparí ìtàn ni ìrìn-àjò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Flores, níbi tí èrò ti ń sùn mọ́jú kí wọ́n tó gbéra, jẹ́ erékùṣù kékeré lórí adágún Petén Itzá. Ilé tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi ọ̀dà, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀ báyìí. Lórí ilẹ̀ kan náà ni Nojpetén wà nígbà kan, olú ìlú àwọn Máyà Itza, ìjọba Máyà tó gbẹ̀yìn pátápátá tí kò tẹrí ba fún Sípéènì. Ní March 13, 1697, Martín de Ursúa kó ọmọ ogun sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fi àgbá kọlu erékùṣù náà, wọ́n sì gbà á. Ó ti lé ní 170 ọdún tí àwọn ará Sípéènì ti wọ òkè Guatemala kí ọjọ́ yẹn tó dé. Nítorí náà, ẹni tó kúrò ní Flores lọ sí El Mirador ń fẹ̀yìn rìn nínú ìtàn: ó ń ti ìlú Máyà tó ṣubú kẹ́yìn bọ̀ wá sí ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ di ńlá.

Bọ́ọ̀sì kékeré á rin nǹkan bí 80 kìlómítà láti Flores lọ sí abúlé Carmelita. Ọ̀dà á tán lójú ọ̀nà. Láti ibẹ̀ lọ, eruku ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni nígbà òjò. Ibi tí títì parí sí gan-an ni abúlé náà wà: ilé pákó, òrùlé páànù, adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀, àti ìbaaka tí wọ́n so mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń retí ẹrù.

Oje igi ló dá Carmelita sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn tó ń gba oje igi sapodilla, tí wọ́n ń pè ní chiclero, pàgọ́ síbẹ̀. Wọ́n á fi okùn gba ara wọn mọ́ igi bí ẹlẹ́mu ṣe ń fi igbà gun ọ̀pẹ, wọ́n á fi àdá há èèpo rẹ̀ ní wọ́gọwọ̀gọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí oje funfun lè máa ṣàn wá sínú àpò tí wọ́n fi sí ìdí igi. Wọ́n á sè é títí á fi ki, wọ́n á sì dì í bíi búlọ́ọ̀kù. Oje yìí, chicle, ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ṣe ṣingọ́ọ̀mù, kí àwọn ilé iṣẹ́ tó rí èròjà àtọwọ́dá tó dín owó kù fún wọn ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Nínú kíkiri igbó láti wá igi ni àwọn chiclero ti ń kọsẹ̀ lára òkúta tí ọwọ́ gbẹ́, àti òkè tí kì í ṣe òkè. Ọ̀pọ̀ ahoro tí àwọn awalẹ̀pìtàn gbé sórí máàpù, chiclero ló mú wọn débẹ̀.

Ní 1990, ìjọba Guatemala fi òfin ya igbó àríwá Petén sọ́tọ̀, ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì hẹ́kítà. Kí ni kí àwọn tó ti ń jẹun nínú igbó náà ṣe? Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ awuyewuye, ní 1997, ìjọba fi ohun tó lé ní 53,000 hẹ́kítà sí ìkáwọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Carmelita. Wọ́n lè gé igi níwọ̀n lábẹ́ ètò, wọ́n lè gba oje, wọ́n lè já ewé ọ̀pẹ xate tí àwọn tó ń to òdòdó lókè òkun ń rà, wọ́n sì lè máa mú àlejò lọ wo ahoro. Ìdí nìyí tí amọ̀nà, alásè àti ẹni tó ń da ìbaaka fi sábà máa ń jẹ́ ará abúlé kan náà. Nínú àwọn igbó tó wà lọ́wọ́ abúlé báyìí, igi ṣì dúró. Ní Laguna del Tigre níhà ìwọ̀-oòrùn, tó jẹ́ ọgbà ìjọba tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn, àwọn tó ń da màlúù ti jó apá tó pọ̀ níbẹ̀ kanlẹ̀ di pápá ìjẹko.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ẹrù ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Àwọn tó mọ ọ̀nà kì í béèrè pé irú kámẹ́rà wo lo mú wá. Ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ tí èèyàn tọ́jú fún alẹ́ nìkan ju oògùn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, tọ́ọ̀ṣì, oògùn ẹ̀fọn, àti ike omi tó tó mu títí dìgbà tí wọ́n á tún dúró. Omi yòókù, orí ìbaaka ló wà, nítorí pé láti Carmelita dé El Mirador, kò sí odò kan tó ń ṣàn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dúró lọ́kàn yín, a óò padà sórí rẹ̀.

Àkókò tó dára jù láti lọ ni February sí April, tí ilẹ̀ ti gbẹ díẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ á dé orúnkún, ìrìn wákàtí mẹ́fà á sì di ti wákàtí mẹ́wàá.

Igbó náà ní ìlànà tirẹ̀. Igi kan wà tí wọ́n ń pè ní chechem. Oje rẹ̀ dúdú, bó bá kan ara, awọ á wú, á sì bó bíi ti ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Amọ̀nà á kọ́kọ́ fi í han àlejò kí wọ́n tó rin kìlómítà kan, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ fara ti igi tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi igi mìíràn tí èèpo rẹ̀ pupa hàn wọ́n, tí wọ́n fi ń ṣe oògùn rẹ̀. Èèpo igi kejì yìí máa ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọn ará ibẹ̀ sì ti sọ ọ́ ní “igi arìnrìn-àjò afẹ́”, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oòrùn ṣe ń bó ara òyìnbó tó wá wo ahoro. Eégbọn wà lórí koríko. Ejò barba amarilla, olóró tí kì í tètè sá fún èèyàn, máa ń dùbúlẹ̀ sórí ewé gbígbẹ tí àwọ̀ wọn ò yàtọ̀. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ dá igi tó ṣubú kọjá láìwo òdìkejì rẹ̀. Lóru, ohùn kan á sọ lókè igi bí ìgbà tí ẹranko abìjà ńlá ń bú ramúramù, ẹni tó sùn nínú àgọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ á sì dìde jókòó. Ọ̀bọ lásán ni. Kò wúwo ju ọmọ kékeré lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dá ọmọ Yorùbá dúró lójú ọ̀nà náà kì í ṣe ejò, kì í sì ṣe ọ̀bọ. Igi ni. Ó yọ orí ju gbogbo igbó lọ, ara rẹ̀ dán, ó ní àwọ̀ eérú, gbòǹgbò rẹ̀ yọ láti ìdí bí ògiri tí wọ́n mọ yí i ká, ẹ̀gún sì bo ara àwọn tó ṣì kéré nínú wọn. Amọ̀nà á nàka sí i pé ceiba nìyẹn, igi tí Guatemala mú ṣe igi orílẹ̀-èdè ní 1955. Ẹni tó dàgbà ní Ifẹ̀ tàbí ní Ìbàdàn kò nílò kí wọ́n júwe rẹ̀ fún un. Àràbà ni. Kì í ṣe ohun tó jọ àràbà o. Àràbà gan-an ni, Ceiba pentandra, irú kan náà tó wà nílé. Àwọn onímọ̀ tó yẹ àbùdá igi náà wò ní Áfíríkà àti ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007, rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kéré gan-an, wọ́n sì gbà pé èso rẹ̀ ló la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá fúnra rẹ̀, kí ọkọ̀ ẹrú kankan tó gba ojú omi náà.

Lójú àwọn Máyà, igi yìí ló di ayé mú. Gbòǹgbò rẹ̀ dé Xibalba, ìlú àwọn òkú nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ìtì rẹ̀ wà láàárín wa. Ẹ̀ka rẹ̀ gbé ọ̀run ró. Wọ́n tilẹ̀ ń mọ ìkòkò tùràrí tó yọ ẹ̀gún yíká bíi ti ara ọmọ àràbà. Nílé, ẹni tó jẹ́ olórí babaláwo ní Ifẹ̀ ń jẹ́ Àràbà, òwe wa sì fi igi náà díje pẹ̀lú alábàádúgbò rẹ̀ nínú igbó: àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò. Ní Kúbà, ìdíje náà parí sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò rò. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú débẹ̀ kò rí ìrókò nínú igbó. Àràbà ni wọ́n rí, wọ́n sì gbé òrìṣà Ìrókò kà á lórí. Títí di òní, ìdí ceiba ni àwọn Lùkùmí, àwọn tó jogún ẹ̀sìn wọn, ti ń bọ Ìrókò. Ìbaaka kò ní dúró de ẹni tó ń ro gbogbo èyí. Amọ̀nà á pòṣé, ìrìn á tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, wọ́n á dé El Tintal. Ìlú àtijọ́ lèyí náà, kì í ṣe ibùdó oorun lásán. Yàrà kan tó jìn yí àárín ìlú náà ká, ó gùn ju kìlómítà méjì lọ. Ẹni tó bá ti rí ohun tó kù nínú yàrà àwọn ìlú wa àtijọ́ á mọ ohun tó ń wò kí wọ́n tó ṣàlàyé. Wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀, alásè á dá iná, wọ́n á sì tètè gun ọ̀kan nínú àwọn òkè ibẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Pírámíìdì ni òkè náà, ṣùgbọ́n òkúta díẹ̀ ló hàn lára rẹ̀. Ilẹ̀ àti igi ramón, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ìrókò àti àfọ̀n, ti bò ó. Láti òkè yẹn, igbó náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní títí dé ibi tí ojú mọ. Ilẹ̀ Petén kò ní òkè níbẹ̀. Síbẹ̀, níhà àríwá, nǹkan bí ogún kìlómítà síwájú, ohun méjì yọ gọngọ lókè igbó. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ lọ́la.

Ọ̀la yẹn gan-an ni ọjọ́ ẹrẹ̀.

Bajo ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ibi tí ẹrẹ̀ náà wà. Èdè Sípáníìṣì ni, kò ju “ilẹ̀ tó rẹlẹ̀” lọ. Yorùbá ní orúkọ tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ: àkùrọ̀. Ilẹ̀ tí omi ń dá sí nígbà òjò ni, tó máa ń tutù nísàlẹ̀ nígbà tí gbogbo oko mìíràn bá ti gbẹ. Lónìí, amọ̀ eléérú tó ki ló wà lójú rẹ̀. Òun ló ń gba bàtà. Bó bá tutù, á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi wúwo ní ìlọ́po méjì; bó bá gbẹ, á sán, á sì le bí àpáàdì. Igi kúkúrú ẹlẹ́gùn-ún ló ń hù níbẹ̀, igi ńlá kò fẹ́ ẹ.

Kò rí báyìí ní àtètèkọ́ṣe. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn tó ń bá Richard Hansen ṣiṣẹ́ gbẹ́ kòtò sínú àwọn bajo yìí, wọ́n bá ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá kan lábẹ́ amọ̀ náà, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ìlú ṣì dúró. Àkùrọ̀ tòótọ́ nìyẹn. Ohun tí àwọn ará Mirador sì ṣe pẹ̀lú rẹ̀ ni ọgbọ́n tó gbé ìlú wọn ró: wọ́n ń kó ẹrẹ̀ náà lórí, wọ́n ń gbé e gun òkè wá sínú ìlú, wọ́n ń dà á sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fi òkúta mọ ní ìpele ìpele bí àtẹ̀gùn, wọ́n sì ń dáko lé e lórí. Èérún tín-íń-tín tí ewéko ń fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀, tí kì í jẹrà, ló fi hàn pé wọ́n gbin àgbàdo àti elégédé síbẹ̀. Ìlú tí kò lódò bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn nítorí pé ó ní ẹrẹ̀.

Àwọn fúnra wọn kì í sì í gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Èyí ló máa ń dun èrò tó bá gbọ́ ọ nígbà tí ẹrẹ̀ ti dé ojúgun rẹ̀. Wọ́n fi òkúta àti ilẹ̀ kọ́ òpópónà gíga la àárín bajo, wọ́n sì fi ẹfun rẹ́ ẹ lójú. Sacbé ni wọ́n ń pè é ní èdè Máyà: sak ni funfun, be ni ọ̀nà. Òmíràn fẹ̀ ju ogún mítà lọ. Ọ̀kan jáde láti El Mirador lọ sí Nakbé, ìlú tó tún dàgbà jù ú lọ, ní nǹkan bí kìlómítà 13. Níbi tí ọ̀nà òde òní bá ti gun orí ọ̀kan nínú wọn, ìbaaka ló ń kọ́kọ́ mọ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ á yá, nítorí pé ilẹ̀ le lábẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n bá wọ El Mirador ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ ni kì í mọ̀ pé àwọn ti dé. Kò sí ẹnubodè, kò sí ògiri tó dúró lóòró. Òkè kan níbí, òkè kan lọ́hùn-ún, àti àgọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ lábẹ́ igi. Ọ̀kan nínú àwọn òkè náà ni El Tigre, 55 mítà ní gíga. Ní 1930, àwọn tó wà nínú bààlúù ya àwòrán àwọn òkè yìí, ẹnu sì yà wọ́n pé òkè iná wo ló wà nírú ilẹ̀ pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀. Ní 1962, Ian Graham kó ìbaaka wọ inú igbó, ó sì ya máàpù rẹ̀. Síbẹ̀, ó di ìparí ọdún 1970 sí 1980, nígbà tí Bruce Dahlin àti Ray Matheny gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n tó mọ bí ìlú náà ṣe pẹ́ tó. Àwọn onímọ̀ ti rò tẹ́lẹ̀ pé ṣáájú ọdún 250 lẹ́yìn ìbí Krístì, abúlé ni àwọn Máyà ń gbé. Àṣé ìlú yìí ti di ńlá láti nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Krístì, nígbà tí Tikal, ìlú Máyà mìíràn, ṣì wà ní ọmọdé.

La Danta, pírámíìdì ńlá ìlú náà, ni wọ́n ń tọ́jú de àárọ̀ ọjọ́ kẹta. Wọ́n á gun ìpele àkọ́kọ́ láìmọ̀ pé ilé ni, nítorí pé ó fẹ̀ débi pé igbó odindi wà lórí rẹ̀. Wọ́n á rìn díẹ̀, wọ́n á gun ìpele kejì. Lẹ́yìn náà ni àkàbà pákó tí wọ́n kàn sí ẹ̀gbẹ́ òkúta á gbé wọn dé ṣóńṣó. Ó ga ní 72 mítà láti ilẹ̀ igbó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ tó mílíọ̀nù 2.8 kúbíìkì mítà, òkúta àti ilẹ̀, ó sì wà lára ilé tó tóbi jù tí ọmọ aráyé kọ́ láyé àtijọ́. Hansen fojú bu iṣẹ́ náà sí iṣẹ́ òòjọ́ tó tó mílíọ̀nù 15. Àwọn tó ṣe é kò ní irin, wọn kò ní kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọn kò ní màlúù tàbí ẹṣin tàbí ìbaaka. Òkúta akọ ni wọ́n fi ń gbẹ́ òkúta ẹfun. Orí àti ẹ̀yìn èèyàn ló ru gbogbo rẹ̀.

Ní ṣóńṣó rẹ̀, ariwo ẹnu á dáwọ́ dúró. Igbó ló wà ní ìhà gbogbo, kò sí òrùlé kan, kò sí èéfín kan. Amọ̀nà á nàka sí òkè kan ní gúúsù ìlà-oòrùn: Nakbé. Á nàka sí òmíràn. Èrò á bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn òkè náà fúnra rẹ̀, á sì wá yé e, láìsí pé ẹnikẹ́ni wí fún un, pé gbogbo ohun tó yọ sókè ní ilẹ̀ yìí, èèyàn ló gbé e síbẹ̀.

Nísàlẹ̀, lábẹ́ òrùlé ìdáàbòbò kan, ọnà ara ògiri wà tí wọ́n hú jáde ní 2009. Èèyàn méjì tí wọ́n fi ẹfun mọ ló ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ọ̀kan gbé orí sẹ́yìn. Hansen ní àwọn akọni ìbejì inú Popol Vuh ni, ìwé àtẹnudẹ́nu àwọn Máyà K'iche' tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ pé ìbejì wà níbẹ̀ kì í fẹ́ kúrò nídìí ògiri náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ya ọnà náà sí: ara ọ̀nà omi ni, tí wọ́n fi ń darí omi òjò sínú ìkùdù ìlú. Àwọn tí kò lódò sọ òjò di ohun ẹ̀yẹ.

Kí ló wá lé wọn lọ? Ẹfun ni Hansen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí. Kí òkúta ẹfun tó lè di ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé, wọ́n ní láti sun ún nínú iná tó gbóná janjan, igi púpọ̀ ni iná bẹ́ẹ̀ sì ń jẹ. Wọ́n rẹ́ ògiri, wọ́n rẹ́ ilẹ̀ ìta, wọ́n rẹ́ òpópónà, wọ́n rẹ́ ìkùdù. Bí ọlá ìlú ṣe ń ga sí i ni ẹfun tí wọ́n ń rẹ́ ń nípọn sí i, ó kọjá ohun tí ilé nílò. Igbó wọn pá. Nígbà tí kò sí gbòǹgbò tó di ilẹ̀ mú mọ́, òjò bẹ̀rẹ̀ sí gbá amọ̀ láti orí òkè wá sínú bajo, ó sì bo ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń kó lọ sóko mọ́lẹ̀. Àwọn kan fi ọ̀dá àti ogun kún un. Nígbà tí ọdún 150 lẹ́yìn ìbí Krístì fi ń dé, ìlú ti ṣófo. Àwọn díẹ̀ padà wá gbé ibẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà tí yóò sì fi tó nǹkan bí ọdún 900, àwọn náà ti lọ. Amọ̀ tó bo àkùrọ̀ wọn ni bàtà ń há sí lónìí.

Ohun tí ẹsẹ̀ kò lè rí, ojú òfuurufú ti ń fi hàn. Ní 2018, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde lidar jáde, ìyẹn ìtànṣán lésà tí bààlúù ń rọ̀ sórí igbó títí á fi kan ilẹ̀ láàárín ewé. Nínú 2,144 kìlómítà níbùú lóòró ní Petén, wọ́n ka ilé àti ohun tí ọwọ́ èèyàn kọ́ tó 61,480. Ní 2022, Hansen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ti agbègbè Mirador jáde: ibi tí èèyàn ti gbé tó 964, tí wọ́n dì ní 417 ìlú àti abúlé, pẹ̀lú òpópónà tí gbogbo rẹ̀ tó kìlómítà 177. Àwọn amọ̀nà Carmelita gbọ́, kò sì yà wọ́n lẹ́nu tó bó ṣe ya ayé lẹ́nu. Àwọn baba wọn ti kọsẹ̀ lára púpọ̀ nínú wọn.

Àwọn mìíràn náà ti kọsẹ̀ lára wọn, wọ́n sì gbẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ òkè láàárín Tintal sí Mirador ni kòtò gígùn wà tí àwọn olè gbẹ́ wọnú ibojì láti jí ìkòkò aláwòrán kó. Lẹ́yìn olè, àwọn tó ní èrò rere dé. Hansen àti àwọn alátìlẹyìn rẹ̀ fẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin kékeré máa gbé àlejò débẹ̀, ní 2019 sì ni wọ́n gbé àbá òfin kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà láti fi owó ran ìdáàbòbò agbègbè náà lọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ abúlé tó ń tọ́jú igbó kò gbà. Wọ́n béèrè ẹni tí ilẹ̀ náà yóò jẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn tí ojú irin bá dé, àti ohun tí ẹni tó ń da ìbaaka yóò máa dà.

Ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún, ọ̀nà kan náà ni wọ́n á gbà padà. Ìrìn àbọ̀ máa ń yá, tàbí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí bàtà rẹ̀ há lọ́jọ́ kejì ti mọ ibi tí yóò tẹ̀. Ó ti mọ chechem, ó ti mọ ìyàtọ̀ láàárín òkè àti ilé, ó sì ń dúró lórí sacbé ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, ajá á gbó, òrùlé páànù á yọ, Carmelita nìyẹn. Wọ́n á tú ẹrù lẹ́yìn ìbaaka, ìbaaka náà á ju ara rẹ̀ sílẹ̀, á yí gbìrìgbìrì nínú eruku.

Wọ́n á bọ́ bàtà sí ìta, wọ́n á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, amọ̀ eléérú á sì bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ lára wọn. Nínú ilé, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń gbé ẹ̀wà dúdú àti tortilla gbígbóná kalẹ̀. Àná ni wọ́n ti rẹ àgbàdo rẹ̀ sínú omi ẹfun, bí àwọn ìyá wọn ṣe ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí èèpo rẹ̀ lè bó kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ẹnì kan á mú ọ̀kan, á fi bu ẹ̀wà, á sì máa wo bàtà rẹ̀ láti ojú ilẹ̀kùn bó ṣe ń jẹun.